Ẹṣin Tí Kò Mọ̀ Mí, Owó Tí Kì Í Ṣe Tèmi

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, Rìgásà, Kàdúná)

Nígbà tí Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí tẹ́tẹ́, mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹlòmíràn nínú yín náà mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ó sàn ju kí ẹ máa sọ ọ́ lẹ́yìn mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí. Kàdúná ni wọ́n ti ṣe Dọ́bà fún Ọbabìnrin Elizabeth ní 1956, ibẹ̀ náà ni Dọ́bà FESTAC ti wáyé ní 1977. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Èkó mọ̀ pé pápá ìsáré ẹṣin ni Tafawa Balewa Square kí wọ́n tó kọ́ ọ ní 1972. Orí pápá náà ni wọ́n ti ta àsíá òmìnira ní 1960. Ẹ má rò pé ẹṣin ni mo wá bú. Àwọn Àfáà wa máa ń ṣàlàyé pé ẹ̀bùn fún ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ṣáájú yàtọ̀ sí owó tí òǹwòran fi ta tẹ́tẹ́. Ti òǹwòran yìí ni mo ṣe.

Ní Cheltenham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré kan wà ní oṣù Kẹta ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní Arkle. Orúkọ ẹṣin ilẹ̀ Áyálándì kan ni, tí ó gba Gold Cup ní 1964, 1965 àti 1966. Eré náà tó máìlì méjì, àwọn ẹṣin a sì máa fo ọgbà tí wọ́n fi ẹ̀ka igi ṣe sójú ọ̀nà. Ti àwọn akọ́ṣẹ́ ni: ẹṣin tí kò tíì borí rí nínú irú eré olọ́gbà bẹ́ẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ o, akọ́ṣẹ́! Èmi tí n kò jẹ́ gbé léèsì oníbàárà fún ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà, èmi ni mo gbé owó lé ẹṣin akọ́ṣẹ́.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 2025 ni. A wà nínú ààwẹ̀. ₦100,000 owó àjọ wà lọ́wọ́ mi, ogún ènìyàn, ₦5,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan tí ń ta àkàrà ló kàn láti kó o ní ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú fóònù, ó ní ẹṣin kan wà tí kò lè fìdí rẹmi, Majborough lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ń san ₦1 lórí ₦2. Mo ṣírò rẹ̀: ₦90,000 yóò bí ₦45,000, màá dá ti àjọ padà, màá fi èrè ra òwú àti bọ́tìnnì fún iṣẹ́ Ìtúnu Ààwẹ̀.

Ìṣirò tí n kò ṣe rèé. Bí oní-tẹ́tẹ́ bá ń san ₦1 lórí ₦2, ohun tí ó ń wí ni pé nínú ìgbà mẹ́ta, ẹṣin náà yóò borí ní ẹ̀ẹ̀mejì, yóò sì pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì tí o jẹ, ₦2. Ẹ̀ẹ̀kan tí o pàdánù, ₦2. Òfo lo gbé lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ oní-tẹ́tẹ́ kò tilẹ̀ san tó bó ṣe yẹ, nítorí ó ti yọ tirẹ̀ kúrò kí ó tó kọ iye náà síta. Bàbá mi ta púùlù títí ó fi kú, kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé èyí fún un.

A pé mẹ́fà lórí fóònù náà. Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Lọ́jọ́ náà ẹṣin iwájú gan-an ló ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó fo ọgbà kan nífòkufò nítòsí ìparí. Ẹṣin tí ń jẹ́ Jango Baie ti ẹ̀yìn yọ, ó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Majborough ṣe ìkẹta. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba fóònù rẹ̀, ó ní òun ń lọ kírun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìyá náà dé. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, “Télọ̀, kẹ̀kẹ́ NAPEP ń dúró dè mí níta o, ọjà ni mò ń lọ.” Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó wo ojú mi, ó sì jáde lọ sanwó oníkẹ̀kẹ́ pé kí ó máa lọ. N kò tíì rí ohun tí ó dùn mí tó owó kẹ̀kẹ́ yẹn.

Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ni mo ní. Mo ta èyí tí ó dára jù, owó rẹ̀ sì pé. Mo kó gbogbo ₦100,000 fún un ní ọjọ́ kẹta, lójú ìyàwó mi, mo sì sọ ohun tí mo fi ṣe. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ àjọ wa sínú ìwé méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Akápò obìnrin, a kì í sì í jẹ́ kí owó sùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ẹgbẹ́ yìí bá fẹ́ irú rẹ̀ fún àjọ tiyín, mo mú ìwé náà wá, ẹ lè wò ó.

Ìyá náà ṣì ń gbé aṣọ wá fún mi rán. Ṣùgbọ́n owó àjọ tirẹ̀, ọwọ́ ìyàwó mi ló ń fi sí.