Ẹ̀rọ Kì í Fi Tọmọ Jẹ́ Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń jáde nílé-ẹ̀kọ́ wa lónìí, ẹ kú oríire. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ torí ìrẹsì ti jiná.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo yín lẹ mọ òwe yẹn. Ẹ̀rọ léètì CNC ni kò mọ̀ ọ́n. Ní 1952 tí MIT l'Amẹ́ríkà fi baba ńlá rẹ̀ han aráyé, tápù oníhò ni wọ́n fi ń rán an níṣẹ́. Lónìí kọ̀ǹpútà ni, àmọ́ ìwà kò yí padà. Bí ẹ bá ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ, kíákíá, láìbèèrè ohun tó wà lọ́kàn yín. Tọ́nà àtijọ́ tó ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ, bí irin bá ń ké ju bó ṣe yẹ lọ, etí rẹ̀ á gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì fà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tiwa ò létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kejì tí mo dé ìdí iṣẹ́ yìí, wọ́n ní kí n gé bọ́ọ̀ṣì kọ́nírọ́ọ̀dù fún jẹnẹrétọ̀ oní-dísù kan. Idẹ ni, ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20, kò ju ohun tí ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò lọ. Mo kọ G00 pé kó sáré, mo kọ X20 fún ibi tó máa dé, mo gbàgbé póíǹtì. X20.0 ló yẹ kí n kọ. Lórí ẹ̀rọ tí mo ń lò nígbà náà, nọ́ńbà tí kò bá ní póíǹtì, ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà ló ń kà á sí. Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún un ní èdè tirẹ̀ ni pé kó sáré wọ àárín gbùngbùn idẹ náà lọ. Ó sì sáré. Gbàgà! Idẹ fò kúrò lẹ́nu chuck tó dì í mú, ó lu gíláàsì ilẹ̀kùn, túùlù ṣẹ́ sí méjì. Ọ̀gá mi ò bú mi. Ó mú bébà mi, ó fi bírò tẹ póíǹtì náà síbi tó yẹ kó wà, ó wá ń yọ owó túùlù nínú owó oṣù mi. Oṣù méjì gbáko ló fi yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé ẹ rántí G96? Ẹ ní kí túùlù máa fá irin ní ìyára kan náà, ká ní mítà 150 ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tí irin ti fẹ̀ tó mílímítà 20, á yí bí ìgbà 2,390 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí túùlù ṣe ń sún mọ́ àárín, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ á máa sáré sí i kó má bàa yẹ àdéhùn. Nígbà tó bá ku mílímítà 2, bí ìgbà 23,900 ló máa fẹ́ yí. Chuck wo ló fẹ́ gbà á? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu pé kí G50 S2500 ṣáájú, kí ẹ fi okùn sí i lọ́rùn, kó má bàa yí ju ìgbà 2,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fo ìlà yẹn nínú ìdánwò mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi.

Ooru náà ń parọ́. Idẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu túùlù lè gbóná tó ìwọ̀n 50 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹ wọ̀n ọ́n, máíkírómítà ní 20.00. Kó tutù dé ìwọ̀n 20, ó ti di 19.99. Ẹ má wò ó bíi nǹkan kékeré o. Fífún la ń fún bọ́ọ̀ṣì wọnú ihò kọ́nírọ́ọ̀dù. Èyí tí ihò ò bá dì mú dáadáa á máa yí, ihò òróró á yẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ṣọ́ọ̀bù tiwa ò lè tutù tó ìwọ̀n 20, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ gbé bọ́ọ̀ṣì àti máíkírómítà sójú kan náà títí ara wọn á fi dọ́gba.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín máa bá níbi iṣẹ́. Ẹ tètè béèrè bátìrì tó ń ṣọ́ ìrántí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí iná ẹ̀rọ wà ní títàn nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí túùlù wà nínú irin, tó wá dé, ẹ má sáré tẹ bọ́tìnnì. Ẹ rọra fa túùlù jáde, ẹ dá a padà sílé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó pe túùlù yẹn.

Lọ́jọ́ kan, mẹkáníìkì á wọlé. Ó ti wá ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé ọjà Araromi ní Gate, ó ti dé ọjà Ládípọ̀, kò rí i. Á na bọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ sí yín, á ní, "Ẹ bá mi ṣe irú ẹ̀." Bí ẹ bá wọn èyí tó ti jẹ yẹn, jíjẹ rẹ̀ lẹ máa gé fún un, ẹ̀rọ á sì bá yín gé e láìṣe àṣìṣe kankan. Ibẹ̀ ni òwe àwọn àgbà ti kàn yín. Ẹ ní kó lọ gbé kọ́nírọ́ọ̀dù wá, kó mú píìnì rẹ̀ dání, kí ẹ lè rí ìwọ̀n tòótọ́ wọ̀n. Á kùn, á ní ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹ jẹ́ kó kùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ojú àti ìka yín. Máíkírómítà kan ò tíì padà sí ilé irinṣẹ́ wa. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, jọ̀ọ́, dá a padà kó o tó bu ìrẹsì.