Ọ̀rọ̀ lórí Ìwé Apanilẹ́rìn-ín Kan nípa Àwọn Ará Oko



Ìwé tí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe ìwé tuntun. Èkó ni a ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959. One Man, One Wife ni orúkọ rẹ̀, èyí ni pé, ọkùnrin kan, aya kan. T. M. Aluko, ọmọ Iléṣà, tí a bí ní 1918 tí ó sì papòdà ní 2010, ni ó kọ ọ́. Ẹlẹ́rọ ni, iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá ni ó kọ́. Bóyá nítorí náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi tọ́, tí kò ní ọ̀ṣọ́ àṣejù.

Abúlé Isolo ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ìsìn Kristi ti dé ibẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà ti dé, síbẹ̀ ọkàn àgbà ìjọ ṣì wà lára ọmọge tí yóò tún fi ṣaya. A rí Royasin pẹ̀lú, olùkọ́ tí ó di akọ̀wé-lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé, tí ó ń fi oyè ńláńlá kún orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà kò ní ṣaláì mọ irú wọn: tábìlì kékeré, ìgò tàdáwà, àti gbólóhùn gígùn tí ẹni tí ó sanwó rẹ̀ kò lóye.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kò kọ́kọ́ náání ìwé náà. Ti Achebe tí ó jáde ní 1958 ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì rò pé níbi tí Òyìnbó bá ti pàdé ìṣe ìbílẹ̀, ẹkún ni ó gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí a kà á sókè, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń yí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà abúlé náà padà sí èdè Ìkọ̀lé, ẹ̀rín gba gbogbo kíláàsì. Yorùbá pọ́ńbélé ni ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún.

Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ni àlùfáà ń fi ìwé tí ń fi ìjọ rẹ́rìn-ín ṣe? Kò dá ìjọ sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá ẹlẹ́sìn àbáláyé sí pẹ̀lú. Ní Èkìtì wa níhìn-ín, ta ni kò mọ baba olóko kòkó, oníyàwó mẹ́ta, tí owó rẹ̀ kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí a kò jẹ́ kí ó jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa? Bí yóò bá sì gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, ta ni yóò lé jáde nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn, àti pẹ̀lú ọmọ mélòó? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá, abẹ́ ẹ̀rín ni Aluko sì fi í pamọ́ sí.

Ìwé rẹ̀ ti 1964, One Man, One Matchet, nípa igi kòkó tí ìjọba fẹ́ gé nítorí àrùn, dára pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ àárín yín lè fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ti àkọ́kọ́ ni tiwa.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí yí orí kìíní padà sí Yorùbá fún ìlò kíláàsì. Èyí tí Heinemann tẹ̀ ní 1967 ni ó wà lọ́wọ́ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ti 1959 nínú àpótí baba rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá.