Kókó Inú Orí àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru



Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju wóro ẹ̀wà tí ó ti rin omi lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bí ìdajì gíráàmù. Pìtúítárì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Inú ihò egungun kan lábẹ́ ọpọlọ, lẹ́yìn ibi tí imú parí sí, ni ó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa rán oje tí a ń pè ní họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìránṣẹ́ ọba ni họ́mónù rí: ẹni tí a bá rán an sí nìkan ni ó ń jíṣẹ́ fún. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó jókòó lé kíndìnrín lórí, pé kí wọ́n ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù. Láìsí kọ́tísọ́ọ̀lù, ènìyàn kò lè yè. Nígbà tí ó bá tó, ìròyìn yóò padà dé pìtúítárì, yóò sì dẹwọ́. Ṣùgbọ́n bí kókó bá hù nínú pìtúítárì, kókó náà lè máa ránṣẹ́ lọ láìgbọ́ ìròyìn kankan. Kókó yìí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kò sì tó mìlímítà 10.

Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ṣe àpèjúwe ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1912: ojú rẹ̀ rí róbótó, ara rẹ̀ sanra, nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. Ní ọdún 1932 ni ó tó kó ìtàn aláìsàn 12 jọ, tí ó sì sọ pé kókó pìtúítárì ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àrùn náà títí di òní.

Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe wá ń ru? Kíndìnrín ní aṣọ́nà kan tí ń pa kọ́tísọ́ọ̀lù lẹ́nu mọ́, kí ó má baà gba iṣẹ́ họ́mónù mìíràn tí ń pàṣẹ pé kí ara fi iyọ̀ pamọ́. Bí kọ́tísọ́ọ̀lù bá pọ̀ jù, apá aṣọ́nà kò ní í ká a mọ́. Iyọ̀ yóò dúró sínú ara, omi yóò sì tẹ̀ lé iyọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò máa sún kì ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú àgbàlagbà 10 tí ó ní àrùn yìí, ẹ̀jẹ̀ bí 8 ni ó ń ru. Kókó tí ń mú ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àgbọ̀n tóbi, èyí tí Pierre Marie ará Faransé fún lórúkọ ní ọdún 1886, a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo bá wá.

Ohun tí ó ká mi lára nìyí. Láàárín wa, bí ẹnìkan bá sanra, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, a ó ní ayé ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo ti rí aláìsàn tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń kí kú oríire. Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa: ṣé ikùn nìkan ni ó ń yọ, tí apá àti itan ń gbẹ? Ṣé kò lè dìde lórí àga láìfọwọ́tì? Ṣé ìlà fífẹ̀ aláwọ̀ àlùkò wà ní ikùn rẹ̀? (Àwọ̀ yìí kì í tètè hàn lára adúláwọ̀ bí ó ti hàn nínú àwòrán inú ìwé.) Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí oògùn kò sì ká ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó yẹ kí á wá ìdí rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn kan ń fi owó ra àrùn náà. Wọ́n ń gbé dexamethasone mì kí wọ́n lè sanra. Wọ́n ń fi ìpara tí ó ní clobetasol bóra. Oògùn wọ̀nyí ń ṣe bí kọ́tísọ́ọ̀lù, wọ́n sì lè mú gbogbo àmì wọ̀nyí wá láìsí kókó kankan. Ẹni tí ó ti ń lò wọ́n pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí pìtúítárì rẹ̀ ti sùn. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

N kò sọ pé kókó ni ó wà nídìí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ríru o. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ kò ní orísun kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n èyí tí kókó fà ṣeé yọ. Ní ọdún 1907 ni Hermann Schloffer kọ́kọ́ gba ọ̀nà imú dé pìtúítárì, ní Innsbruck ní Austria. Ọ̀nà imú náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì ń gbà lónìí, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ó dára ju tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rọlẹ̀. Ti àwọn mìíràn kì í rọlẹ̀ tán, pàápàá àwọn tí àrùn náà ti wà lára wọn fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ti le.