Eré Orí Ìtàgé Nínú Ìjọ

Àwọn òbí kan ń bèèrè pé: Ó ha tọ́ kí ọmọ ìjọ máa kọ́ eré orí ìtàgé bí? Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí Hubert Ogunde ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, ó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ìjọ ni ó bẹ̀ ẹ́, kí a lè rí owó kọ́ ilé ìsìn. Kò pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ṣe Ádámù, tí ó sì sá pamọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn, kò ní tètè gbàgbé ìtìjú ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni yóò ti kọ́ eré, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì lè má jẹ́ irú èyí tí àwa fẹ́.