Nọ́ńbà Ẹni Kọ̀ọ̀kan Nínú Ìwé Ìdílé

 

Ọ̀rọ̀ tí àwa mú wá síwájú yín ni ti ìwé ìdílé. Àwọn ọmọ wa ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn sílẹ̀, nílé àti lẹ́yìn odi. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ewu wà níbi tí a ti ń kó ìwé kan wọ inú òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Sábó, l'Ọ́yọ̀ọ́ àti l'Ógbòmọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn Haúsá ń bá wa gbé. Orúkọ baba ni ọmọ wọn sábà máa ń fi ṣe orúkọ kejì. Ọmọ Músá lè máa jẹ́ Àlí Músá. Ọmọ Àlí sì lè gba orúkọ baba ńlá rẹ̀, kí ó di Músá Àlí. Lọ́dọ̀ tiwa náà, Táíwò àti Babátúndé kún inú agbo ilé. Ẹnì kan ṣoṣo sì lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ àti oríkì. Orúkọ nìkan kò tó láti fi mọ ènìyàn.

Nítorí èyí ni a ṣe ń ka àwọn ọba wa. Ọba Adéyẹmí Kejì gorí ìtẹ́ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1945. Ọmọ rẹ̀, Adéyẹmí Kẹta, wàjà ní 2022. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ajagungbadé Kẹta wàjà ní 2021. Bí akọ̀wé bá kọ “Ọba Kẹta” nìkan, ta ni ó ń wí?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà rí. Ìjọ Mọ́mọ́nì ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà GEDCOM jáde ní 1984, kí ìwé ìdílé lè máa ti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ní nọ́ńbà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò lágbára kọjá ìwé tí ó wà. Ẹni kìn-ín-ní inú ìwé Ọ̀yọ́ kì í ṣe ẹni kìn-ín-ní inú ìwé Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ láìṣọ́ra, a lè sọ ẹni méjì di ẹyọ kan, tàbí kí a fi ọmọ fún ẹni tí kì í ṣe baba rẹ̀. Ẹ̀dà keje ìlànà náà, tí ó jáde ní 2021, pèsè àyè fún nọ́ńbà tí kò ní èkejì ní gbogbo ayé, àti fún èyí tí ìwé mìíràn ti fún ẹni náà tẹ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí nọ́ńbà olúkúlùkù máa fi ìlú àti ìwé tí ó ti wá hàn. Bí a bá kó ìwé wọlé, kí a má ṣe pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Kí a kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Kí a má ṣe fi nọ́ńbà ẹni tí a yọ kúrò fún ẹlòmíràn láé. Bí a bá sì rí i pé ẹni méjì jẹ́ ẹyọ kan, kí àwọn àgbà ìdílé jẹ́rìí sí i kí a tó so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Oyè, ilẹ̀ àti ogún ń bẹ lórí ẹni tí ó bí ẹni. Ìdílé tí a ṣì kọ baba rẹ̀ lónìí lè di àlejò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin Olóyè, ẹ pe àwọn akọ̀wé ilé yín jókòó nígbà tí àwọn tí ó mọ ìtàn ṣì wà láàyè.