Ẹ Kíyè Sí I, Òjò Ti Ń Palẹ̀ Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn bá àwọn àgbẹ̀ wa sọ ní Bompai, Kánò)

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan oúnjẹ ilé wa.

Púpọ̀ nínú wa ṣì ń fi òǹkà ilé ka òjò Kánò. Nílé, ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, òjò a máa sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, a sì tún padà rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹjọ tí òjò ilé ń sinmi ni ti Kánò ń rọ̀ jù, nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá sì ń parí lọ, ó ti ń dágbére. Ẹni tó bá gbin àgbàdo sí orí ilẹ̀ gbígbẹ nínú oṣù kẹsàn-án, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé, irúgbìn rẹ̀ ló fi ṣòfò. Àgbàdo náà á yọ dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó gbọ́mọ pọ̀n, omi á ti tán nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má wo kàlẹ́ńdà nìkan. Ẹ wo oko.

Èkíní ni afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ òjò ń ti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá, láti ojú òkun. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé ó ti ń fẹ́ láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, tí ètè sì ń gbẹ, aṣálẹ̀ Sahara ló ti ń bọ̀. Ọyẹ́ ti ń ránṣẹ́ nìyẹn.

Èkejì ni shamuwa, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń tẹ́ ìtẹ́ sórí igi láàrin abúlé nígbà òjò. Á kó ọmọ rẹ̀, á gba ìhà gúúsù lọ.

Ẹ̀kẹta ni koríko gamba. Á yọ orí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ẹ̀kẹrin ló yani lẹ́nu jù, igi gawo. Nígbà tí igi yòókù bá wọṣọ ewé nínú òjò, gawo a wà níhòòhò. Nígbà tí òjò bá lọ, òun á wá rúwé. Bí gawo bá ti ń rúwé, ẹ má gbin ohunkóhun tó ń retí òjò mọ́.

Àwọn Haúsá ń pe àkókò yìí ní kaka, ìgbà ìkórè. Ẹ bi àwọn àgbà wọn léèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Jéró ló ń kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀wà àti ẹ̀pà á tẹ̀ lé e, ọkà bàbà ni ìgbẹ̀yìn. Ẹ fa ẹ̀pà kan tu wò. Bí inú èèpo rẹ̀ bá ti ń dúdú, ó gbó. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ le tán kí ẹ tó wú u, kí ọmọ ẹ̀pà má baà já sínú ilẹ̀. Ẹ sá a gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó o sápò, nítorí èyí tó bá hu èbu ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fi ṣe kúlíkúlí tà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó wá ilẹ̀ fàdámà fún àlùbọ́sà àti tòmátì, tàbí ibi tí omi ìdídò Tiga, tí wọ́n parí ní 1974, ń dé, bíi Kadawa. Odò Jakara ń gba ìdọ̀tí ìlú àti ti ilé-iṣẹ́ Bompai. Bí òjò bá dá, ìdọ̀tí náà á ki sí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé mu ún tàbí kí wọ́n wẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wá aṣọ òtútù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ má gbé ààrò eédú sínú yàrá tí ẹ tì pa sùn. Èéfín rẹ̀ ń pani. Lẹ́yìn ọyẹ́ ni sankarau máa ń jà. Ní 1996, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Nàìjíríà. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn rẹ̀ sì le, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ń fúnni ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ kó wọn lọ gbà á.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á kórè wa tayọ̀tayọ̀.