Oríkèé Irin: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Èlò Iṣẹ́ Abẹ Tí Ó Ṣeé Yí, Tí Ó Sì Ṣeé Tú



Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lè dà bí àjèjì létí ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ó kan àlùfáà nínú síkúrù àti irin oníṣẹ́ abẹ? Ìdáhùn wa kò gùn. Ní àdúgbò wa yìí, láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, láti orí òkè Màpó sọ̀ kalẹ̀ dé Bẹyẹrúnkà, ìdílé tí kò mọ ẹnì kan tí ọ̀kadà tàbí mọ́tò ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwa tí ń bẹ àwọn aláìsàn wò mọ èyí dájú. A sì ti rí i pé ohun tí ó wà láàrin ẹni tí yóò tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn àti ẹni tí a ó gé lẹ́sẹ̀ lè jẹ́ ohun kékeré kan tí ọwọ́ ọmọdé lè bò mọ́lẹ̀, èyíinì ni oríkèé irin. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí gbogbo wa mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa.

I. ORÍKÈÉ TÍ A BÍ MỌ́ WA

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ara wa. Oríkèé orúnkún ń ṣí, ó sì ń pa dé bí ilẹ̀kùn. Ọ̀nà kan ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbàdí, orí egungun itan rí róbótó, ó sì jókòó nínú ihò kan tí ó jin bí igbá kékeré. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi lè lọ síwájú àti sẹ́yìn, tí ó lè yà sí ẹ̀gbẹ́, tí ó sì lè yí lórí ara rẹ̀. Àwọn tí ó ń ka Ìwé Mímọ́ rántí pé ihò itan Jákọ́bù ni a fọwọ́ kàn, tí ọkùnrin alágbára náà fi ń tiro. Bí orí egungun bá yẹ̀ nínú ihò rẹ̀, kò sí agbára tí ń bẹ nínú iṣan tí yóò mú ni rìn gaara.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ti fi irin ṣe irú oríkèé bẹ́ẹ̀, ẹ mú ọsàn kan, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ àti ìka yí i ká. Bí ọwọ́ bá dẹ̀, ọsàn yóò yí sí ibi gbogbo. Bí ẹ bá fún ọwọ́ pọ̀, ọsàn kò ní lè mira. Gbogbo ọgbọ́n oríkèé oníbọ́ọ̀lù kò ju èyí lọ. Bọ́ọ̀lù irin ni ọsàn. Ihò irin tí a là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ọwọ́. Síkúrù ni agbára tí ń fún ọwọ́ náà pọ̀.

II. FÉRÉMÙ TÍ Ó WÀ LÓDE ARA

Nígbà tí egungun ojúgun bá ṣẹ́, tí ó sì la ẹran yọ síta, kò dára kí a fi símẹ́ńtì funfun tí àwọn dókítà ń lò bo egbò náà mọ́lẹ̀, nítorí egbò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè fi egungun sílẹ̀ láìdè. Kí ni a ó ṣe?

Ní ọdún 1897, Clayton Parkhill ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, àti ní 1902, Albin Lambotte ní ìlú Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, rí ọ̀nà kan. Wọ́n fi ìṣó irin gígùn gba inú ẹran wọ egungun lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí ó ti ṣẹ́, wọ́n sì fi irin mìíràn so orí àwọn ìṣó náà pọ̀ lóde ara. Egungun dúró, egbò sì wà ní gbangba fún ìwẹ̀nù. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Bí egungun kò bá tọ́ nígbà tí a so irin pọ̀, ó di kí a tú iṣẹ́ náà, kí a tún bẹ̀rẹ̀, aláìsàn a sì tún fara da ìrora ní ìgbà kejì.

Ní 1938 ni Raoul Hoffmann, dókítà kan ní Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, tú ìdè yìí. Ọkùnrin yìí kọ́ ìmọ̀ nípa Ọlọ́run pẹ̀lú ìṣègùn, ó sì mọ iṣẹ́ káfíńtà. Ó fi oríkèé oníbọ́ọ̀lù sí àárín ẹ̀mú tí ó di ìṣó mú àti ọ̀pá tí ó so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà náà, dókítà lè kan ìṣó ná. Lẹ́yìn èyí ni yóò tú síkúrù díẹ̀, tí yóò fa egungun tọ́ láì tún la ẹran, tí yóò wò ó nínú X-ray, tí yóò sì wá fún síkúrù pa. Bí ó bá wọ́ ní ọjọ́ kẹta, sípánà ni yóò mú, kì í ṣe abẹ. Oore ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1945, ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà lára ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ti kọ́ iṣẹ́, kí a tó ṣí UCH ní 1957. Lónìí, ẹni tí ó bá bẹ aláìsàn wò ní wọ́ọ̀dù egungun lè rí férémù bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Kí ó má ṣe sá fún un, kí ó má sì ṣe pè é ní ìyà.

III. ÌLẸ̀KẸ̀ IRIN

Iṣẹ́ oríkèé yìí kò mọ sí egungun. Ní 1962, Látúndé Ọdẹkù, ọmọ Àwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, padà dé láti Amẹ́ríkà sí UCH. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ó sì fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lélẹ̀ níhìn-ín kí ó tó kú ní 1974, ní ọmọ ọdún 47. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe ilé ìkàwé ìṣègùn tí ó wà níbẹ̀.

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ dé ibi tí ó jin nínú rẹ̀, ohun kan gbọ́dọ̀ rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láì gbọ̀n. Ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe èyí fún wákàtí mẹ́ta. Ní Zurich, dókítà Gazi Yaşargil lo apá irin kan tí ó pè ní Leyla, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ bí a ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ yóò tètè lóye rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ irin púpọ̀ ni a sín sórí okùn irin kan. Orí ọ̀kan rí róbótó, ìdí èkejì sì jin láti gbà á. Bí okùn bá dẹ̀, apá náà a ká bí ejò sí ibi tí a bá fẹ́. Bí a bá fa okùn le, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ a fara mọ́ra, apá náà a sì dúró gírí bí ọ̀pá. Síkúrù kan ṣoṣo ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo oríkèé náà.

IV. OHUN MẸ́TA TÍ Ń BÁ ARA WỌN JÀ

Ẹni tí ó bá jókòó láti ṣe irú oríkèé yìí ní ọ̀gá mẹ́ta láti sìn. Àkọ́kọ́ ní kí ó rọrùn láti yí. Èkejì ní kí ó má yẹ̀ bí a bá ti fún un. Ẹ̀kẹta ní kí ó ṣeé tú sí wẹ́wẹ́. Kò sí èyí tí kò ní pa èkejì lára bí a kò bá fi ọgbọ́n là wọ́n níjà.

Láti má yẹ̀, bọ́ọ̀lù ńlá dára ju kékeré lọ. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn nítòsí ìdè rẹ̀ yóò làágùn; ẹni tí ó tì í ní etí yóò fi ìka kan ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, bí ara bọ́ọ̀lù bá ti jìnnà sí àárín rẹ̀ tó, ni dídì tí ihò dì í mú ti lágbára tó. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ńlá wúwo, ẹsẹ̀ aláìsàn ni yóò sì gbé e. Nítorí náà ni àwọn ẹlòmíràn fi ń ha ara bọ́ọ̀lù kí ó má baà dán jù. Irin méjì tí ó jẹ́ irú kan náà tún lè gé ara wọn jẹ, kí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé sípánà kò ní lè tú wọn mọ́.

Ní ti títú, ìmọ́tótó ni ó béèrè rẹ̀. Ní 1867 ni Joseph Lister kọ̀wé láti fi hàn bí a ti lè dènà kòkòrò tí ń mú egbò rà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ju èèkù onígi àti ti eyín erin sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ohun èlò tí ó jẹ́ irin látòkè délẹ̀, tí ó ṣeé tú, tí a lè fọ̀, tí a sì lè fi sínú ooru gbígbóná. Nígbà tí ó di 1913, Harry Brearley ní Sheffield ṣe irin tí kì í tètè dógùn-ún, èyí sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ihò oríkèé ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Bí a kò bá tú u kí a tó fọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ yóò dáàbò bo kòkòrò àrùn nínú ooru, a ó sì gbé ikú ẹnì kan lọ bá ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, ohun tí ó ṣeé tú ṣeé sọnù. Nọ́ọ̀tì kan tí ó bọ́ sínú egbò jẹ́ ewu. Èyí tí ó bọ́ sínú omi ìfọṣọ sọ gbogbo férémù di aláìwúlò. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó dára jù ni èyí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ yóò dẹ̀ tó kí bọ́ọ̀lù lè jáde, ṣùgbọ́n tí òun tìkára rẹ̀ kò ní lè bọ́. Tí sípánà kan ṣoṣo sì tó fún gbogbo rẹ̀.

V. OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ tí kò di ìwà kò gbé ilé ró. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ.

Èkíní: a kò kẹ́gàn àwọn bàbá wa tí ń to egungun. Wọ́n ní ọgbọ́n lọ́wọ́, egungun tí ó ṣẹ́ láìlanu sì ti san lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí egungun bá la ẹran, ilé ìwòsàn ni kí a gbé aláìsàn lọ ní wàrà-wàrà. Bí a bá sì ti fi pẹlẹbẹ ọparun di ẹsẹ̀ ọmọ, kí ìyá rẹ̀ máa wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà. Bí ó bá tutù, bí ó bá kú tipiri, bí ó bá ń dúdú, kí ó tú okùn náà lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe ọ̀gànjọ́ òru, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Okùn tí ó le jù ti pa ẹsẹ̀ tí egungun rẹ̀ ìbá ti jiná. Ìbẹ̀rù gígé ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún dókítà. Àwọn tí ó sá pẹ́ jù ni a sì ń gé lẹ́sẹ̀.

Èkejì: Ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ni Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wa ń rọ irin, wọ́n ń jó irin pọ̀, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ̀yà mọ́tò lórí ẹ̀rọ. Àgbà ní, bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. A kò rí ìdí tí wọn kò fi ní lè ṣe ẹ̀mú àti oríkèé fún ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó fún iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n kọ́ ìwọ̀n tí ó kéré ju ìdá mẹ́wàá mìlímítà lọ. Kí wọ́n mọ orúkọ irin tí wọ́n ń lò. Kí wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn fún àwọn onímọ̀ láti dán an wò, kí ó tó kan ara ènìyàn.

Ẹ̀kẹta: Nígbà tí ẹgbẹ́ inú ìjọ bá fẹ́ ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ń fẹ́. Ẹ̀yà irin tí ilé iṣẹ́ kan ṣe kì í sábà bá ti òmíràn mu. Férémù tí a ti lò fún aláìsàn púpọ̀ a máa jẹ, síkúrù rẹ̀ a sì máa yọ̀. Ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ogún àti sípánà méjì yóò gba ẹsẹ̀ púpọ̀ là ju ẹ̀rọ ńlá kan tí kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe.

A kò rò pé ohun kékeré ni ohun kékeré. Orí egungun nínú ihò rẹ̀ kò tóbi, òun ni ó sì gbé gbogbo wa dé ibí lónìí. Kí a padà sílé, kí a sì sọ fún àwọn ará ilé wa, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ń gun ọ̀kadà, kí ọjọ́ ibi má baà bá wa láìmọ ohun tí a ó ṣe.